Fífi Ìwọ̀ Pẹja ní Odò Tí A Kò Dé Rí

Bí a bá dárúkọ ẹja pípa láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni àwọn Ìlàjẹ, ọkọ̀ ojú omi, àwọ̀n ńlá àti òkun. Àwọn mìíràn a máa rántí Argungu ní Ìpínlẹ̀ Kebbi, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ẹja pípa láti 1934, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ń bẹ́ sódò lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè. Ìwọ̀ kò ní ariwo tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá kan, okùn kan, ìwọ̀ kan, àti ènìyàn kan tí ó jókòó jẹ́ẹ́ létí odò. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń pè é ní iṣẹ́ ọ̀lẹ. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, pàápàá bí odò náà bá jẹ́ èyí tí a kò dé rí, tí ẹni tí a sì ń mú lọ kò tíì di ọ̀pá ìwọ̀ mú rí láyé rẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, mo bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí kì í fẹ́ fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀: ìwọ̀ tí a fi ń pẹja kì í ṣe ìwọ, kì í sì í ṣe ìwo tí ó wà lórí màlúù. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ẹja ni ó ń pa lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Kánò ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ẹja tí ó mọ̀ ni èyí tí ó wà nínú ọbẹ̀. Ó ní kí n mú òun lọ fi ìwọ̀ pẹja ní oṣù Ṣẹẹrẹ tí ń bọ̀. Èmi mọ Ògbèsè dáadáa, nítorí etí odò náà, ní ọ̀nà tí ó lọ láti Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ni mo ti kọ́ ìwọ̀ ní kékeré. Ṣùgbọ́n Ọ̀wẹnà ni ó wù ú, nítorí pé àbúrò ìyá rẹ̀ ń gbé ní Òǹdó, ó sì fẹ́ gbé ẹja tí òun fi ọwọ́ ara òun pa lọ kí i. Báyìí ni ó ṣe di pé àwa méjèèjì yóò jẹ́ àlejò. Èmi mọ ìwọ̀, n kò mọ odò. Òun kò mọ ọ̀kankan. Kò sì mọ omi í wẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ bí. Gbogbo ètò tí mo ń ṣe, orí ọ̀rọ̀ yìí ni ó dúró lé, kì í ṣe orí iye ẹja tí a ó pa.

Ní ìlú Òyìnbó, eré tí wọ́n kà sí iyì jù nínú ẹja pípa ni èyí tí wọ́n fi eṣinṣin àtọwọ́dá ṣe. Ìyẹ́ adìyẹ àti òwú ni wọ́n fi ń wé ìwọ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Aelian, òǹkọ̀wé ará Róòmù, ti sọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ikú Olúwa wa pé àwọn ará Macedonia ń fi òwú pupa àti ìyẹ́ àkùkọ tan ẹja jẹ. Ní 1676 ni Charles Cotton sì kọ àlàyé kíkún nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn Òyìnbó dé Kẹ́ńyà, wọ́n gbé ẹja tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi eṣinṣin pa wá láti ìlú wọn, wọ́n dà á sínú àwọn odò tútù orí òkè níbẹ̀ ní 1905. Kò sí irú ẹja bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Omi wa gbóná jù fún un. Àrọ̀ tiwa kì í fi ojú wá oúnjẹ. Òórùn àti irùngbọ̀n rẹ̀ ni ó fi ń wá a nínú ẹrẹ̀, bí ẹni ń táràrà nínú òkùnkùn. Bí ẹ bá fi ìyẹ́ àkùkọ hàn án, ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni.

Síbẹ̀, ọgbọ́n kan wà tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn eléṣinṣin wọ̀nyí: kí a tó yan ìjẹ, kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ń já bọ́ sínú omi. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí èsúnsún bá jáde, ẹja kéékèèké a máa fò sókè mú wọn lójú omi. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó fi ekòló sọ ìwọ̀ sí ìsàlẹ̀ yóò jókòó pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ odò tí a ó yàn. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò lọ sí Àlà, tí ó gba àárín Àkúrẹ́ kọjá, tí a kò ní san owó ọkọ̀ débẹ̀. Láti 1976 tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni ilé ti ń pọ̀ sí i létí odò náà, ìdọ̀tí ilé, ti ọjà àti ti ibi tí a ti ń tún mọ́tò ṣe sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ẹja lè wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n èmi kò ní fi ẹja ibẹ̀ se ọbẹ̀ fún àbúrò ìyá ẹnikẹ́ni.

Ní ti Ọ̀wẹnà, ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń lọ síbẹ̀ mọ̀. Ìlú méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ odò náà: ọ̀kan wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Òǹdó, èkejì wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà. Bí a bá sọ fún ará ilé pé “Ọ̀wẹnà ni à ń lọ”, tí ilẹ̀ wá ṣú tí wọn kò rí wa, ọ̀nà wo ni wọn yóò gbà wá wa? Nítorí náà, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé, a ó fi sílẹ̀ fún ẹni méjì: Ọ̀wẹnà ti ọ̀nà Òǹdó, apá òkè afárá tàbí apá ìsàlẹ̀, àti aago tí a ó padà. Mo tún wo àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù. Ó dára, ó fi ibi tí odò ti yí kọ́rọ́ hàn, ó fi ọ̀nà oko hàn. Ṣùgbọ́n kò lè sọ bí omi ti jìn tó, kò sì mọ ẹni tí ó ni ibẹ̀.

Nítorí èyí ni mo ṣe kọ́kọ́ dá lọ lọ́jọ́ kan láìmú ìwọ̀ dání. Mo gbà pé èyí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ètò, àwọn ènìyàn a sì máa fò ó. Mo bá bàbá kan tí ó ń tún ìgèrè rẹ̀ ṣe lábẹ́ igi.

“Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú iṣẹ́.”

“Oo. Ọmọ ta ni ọ́? Kí lo ń wá létí odò?”

“Láti Àkúrẹ́ ni mo ti wá, bàbá. Mo fẹ́ mú ọ̀rẹ́ mi kan wá fi ìwọ̀ pẹja, ni mo ní kí n kọ́kọ́ wá béèrè lọ́wọ́ yín.”

Kò dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó wo àpò tí mo gbé kọ́ èjìká, ó ní, “Kí ló wà nínú rẹ̀?” Mo tú u fún un: ìwé, kálàmù àti omi mímu. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ tó rọ̀, tí ó ní kí n jókòó.

Ìdí tí ó fi wo àpò mi kì í ṣe pé ó fura pé olè ni mí. Agbègbè kòkó ni ilẹ̀ yìí, àwọn àgbẹ̀ kòkó sì ti lo Gamalin 20 fún ọ̀pọ̀ ọdún láti pa kòkòrò tí ń fa omi ara kòkó mu. Àwọn oníwọ̀ra kan rí i pé bí a bá da díẹ̀ sínú odò, ẹja yóò léfòó lọ rẹrẹ. Láti ìgbà náà ni ọmọkùnrin àjèjì tí ó bá gbé àpò lọ sétí odò ti di ẹni ìfura. Ohun tí ó wà nínú Gamalin, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lindane, kì í tètè tán nínú omi àti ẹrẹ̀, a sì máa wọ inú ọ̀rá ara ẹja, ti ẹni tí ó jẹ ẹ́ sì tẹ̀ lé e. Ní 2009 ni wọ́n fi í sínú àwọn oògùn tí Àdéhùn Stockholm fẹ́ kí gbogbo ayé pa tì. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1992 lórí ẹja inú odò náà sì sọ ọ́ di èèwọ̀ láti fi oògùn olóró tàbí ohun abúgbàù pa ẹja. Ìwọ̀ kì í pa ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Oògùn ń pa ìyá, ó ń pa ọmọ, ó ń pa edé, ó sì ń ba omi tí àwọn aráàlú ń pọn jẹ́. Bí ẹ bá dé odò tí ẹ rí i pé ẹja ń pòkà lójú omi, tàbí tí wọ́n dojú ikùn sókè, ẹ má ṣe ṣa ọ̀kan. Ẹ má tilẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ bọ omi náà. Ẹ lọ sọ fún àwọn tó ni ín.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo bi bàbá náà, mo sì rò pé wọ́n tó fún odò yòówù: Ta ni a ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀? Ǹjẹ́ apá ibì kan wà tí a kì í ti í pa ẹja, tàbí ọjọ́ tí a kì í pa á? Níbo ni omi ti ń gbé ènìyàn? Ìbéèrè kejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àtijọ́ tí a lè fi rẹ́rìn-ín. Ẹ wo Ọ̀ṣun ní Òṣogbo: nítorí pé a kì í pẹja ní igbó náà ni ẹja rẹ̀ ṣe ń pọ̀ níbẹ̀, UNESCO sì fi igbó náà kún àwọn ogún gbogbo ayé ní 2005. Ní ti ìbéèrè kẹta, bàbá náà fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ibì kan tí omi ti dákẹ́ rọ́rọ́, tí ó dára lójú. Ibẹ̀ gan-an ni èmi ì bá yàn. “Ilẹ̀ ibẹ̀ ti jẹ wọnú,” ni ó wí, “òkè ló rí i yẹn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ṣófo.” Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ọ̀rọ̀ kan ku tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀rẹ́ mi ṣáájú. Nínú ẹ̀ka-èdè Òǹdó, ọmọdé lè fi arọ́pò-orúkọ ẹlẹ́nìkan bá àgbà sọ̀rọ̀ láìjẹ́ àrífín. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà fi ọ̀wọ̀ hàn. Bí ọmọ kékeré kan bá wá sétí odò tí ó bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe fajú ro. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀ka-èdè tí a ń kọ́ ní kíláàsì wúlò níbẹ̀ ju bí a ti rò lọ.

Àkókò ńkọ́? Oṣù Ṣẹẹrẹ tí a yàn dára fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́. Omi ti fà, ó mọ́ díẹ̀, ẹja sì kó jọ sínú àwọn kòtò jíjìn. Láti oṣù Òkudù títí dé Ọ̀wàrà, odò a máa kún, a sì máa yára. N kì í mú ẹni tí kò mọ omi í wẹ̀ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn nìkan kò tó ìdánilójú. Ìsédò wà lórí Ọ̀wẹnà tí wọ́n ṣe nítorí omi ẹ̀rọ, ẹni tí ó bá sì wà ní ìsàlẹ̀ ìsédò kankan gbọ́dọ̀ mọ̀ pé omi lè ga sí i láìjẹ́ pé òjò rọ̀. Bí omi bá yí àwọ̀ padà lójijì, tí ewé àti ẹ̀ka igi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bọ̀, tí ìró rẹ̀ sì yàtọ̀, ẹ fi ohun gbogbo sílẹ̀ kí ẹ gòkè. Odò tí a bá fojú di ní í gbé ni lọ. Mo ti pinnu pé ọ̀rẹ́ mi kò ní tẹ ẹsẹ̀ bọ omi rárá. Orí ilẹ̀ tí ó le, tí ó fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta jìnnà sí omi, ni yóò dúró. Okùn yóò gùn tó bẹ́ẹ̀. A ó mú kéègì òfìfo kan tí a dé ní ìdérí, tí a so okùn gígùn mọ́, kí n lè jù ú sí i bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. N kò ní bẹ́ sínú omi lọ fà á. Ẹni tí ń rì a máa di ẹni tí ó wá gbà á mú rin, a sì di òkú méjì.

Èyí tí mo sọ nípa ìtẹ̀bọ̀ omi tún ní ìdí mìíràn. Nínú omi tí kò ṣàn dáadáa ni àwọn ìgbín kéékèèké máa ń gbé tí kòkòrò àtọ̀sí ajá ń ti ara wọn jáde. Awọ ara ni kòkòrò náà ń gbà wọlé, ẹni tí ó bá kó o a sì máa tọ ẹ̀jẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹsẹ̀ gbẹ.

Irinṣẹ́ kò pọ̀. Ọ̀pá ọparun tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, okùn ọ̀rá tí kò gùn ju ọ̀pá lọ púpọ̀, òjé kékeré, àti ohun tí yóò máa léfòó, tí a lè gé lára sílípáàsì àtijọ́. Ní ti ìwọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ a máa tan ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i. Nọ́ńbà 8 tàbí 10 ni mo mú fún ẹ̀pìyà, tí ẹnu rẹ̀ kéré. Nọ́ńbà 2 fún àrọ̀, tí ẹnu rẹ̀ dà bí ẹnu àpò. Ìjẹ ni ekòló àti ìyẹ̀fun àgbàdo tí a pò le.

Ilé ni a ti ń kọ́ni ní ìwọ̀, kì í ṣe etí odò. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo ó mú un lọ sí pápá bọ́ọ̀lù, n ó so ẹ̀pà kan mọ́ ẹnu okùn dípò ìwọ̀, yóò sì máa jù ú sínú àwo tí mo gbé sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kí ó máa ju ọwọ́, kí ó má ṣe ju gbogbo ara. Kí ó sì máa wo ẹ̀yìn kí ó tó jù ú, nítorí ìwọ̀ tí ó fò sẹ́yìn kò mọ ojú ọ̀rẹ́ yàtọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìdè: kí ó ki okùn bọ ojú ìwọ̀, kí ó lọ́ orí rẹ̀ mọ́ ara okùn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ó wá kì í padà bọ ihò kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwọ̀ náà, kí ó fi itọ́ rin ín, kí ó tó fà á le. Ọ̀rá tí a fà ní gbígbẹ a máa gbóná, a sì máa já nígbà tí ẹja gidi bá dé. Ìgbà tí ó bá lè so ó nígbà mẹ́wàá láìbéèrè, ó ti tó lọ.

Bí ìwọ̀ bá gún ènìyàn tí ìkọ́ ẹnu rẹ̀ wọlé, a kì í fà á padà; ẹran ni yóò bá a wá. Kí a gé okùn, kí a dì í kí ó má mì, kí a lọ sí ilé ìwòsàn, kí a sì béèrè fún abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn ipá. Bí ó bá jẹ́ nítòsí ojú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nítorí náà ni a ó ṣe wọ awò àti fìlà.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ìwọ̀ kékeré ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Nítòsí ibi tí àwọn obìnrin ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, ẹ̀pìyà wẹ́wẹ́ a máa wá jẹ èérún. Bí a bá ti kí wọn, tí wọ́n sì gbà, a ó jókòó sí ìsàlẹ̀ wọn níbi tí ìwọ̀ kò ti lè kàn wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ tètè pa ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ kéré bí ìka. Ẹni tí ó jókòó fún wákàtí méjì tí kò rí nǹkan, fóònù ni yóò yọ. Lẹ́yìn náà ni a ó lọ wá àrọ̀: lẹ́yìn igi tí ó wó sómi, ní ẹ̀gbẹ́ ìta ibi tí odò ti yí kọ́rọ́, tàbí níbi tí odò kékeré ti ń ṣàn wọ inú ńlá. Ẹ̀pìyà a máa ṣá ìjẹ jẹ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó léfòó yóò máa jó. Àrọ̀ kì í ṣeré bẹ́ẹ̀. Yóò fà á lọ tìkọ̀tìkọ̀, a ó sì ní sùúrù títí ohun tí ó léfòó náà yóò fi rì pátápátá.

Kí ó tó fi ọwọ́ kan ẹja yòówù, kí ó fi hàn mí ná. Àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún ní ẹ̀gún líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí tí ń gúnni wọra. Ti òjijí ló burú jù. Ẹja dídán, olóhùn jẹ́jẹ́ ni ní ìrísí, kò ní ẹ̀gún, kò ní ìpẹ́. Ṣùgbọ́n iná tí ó wà lára rẹ̀ lè ju 300 fólìtì lọ, ó sì tó láti bi ènìyàn ṣubú sómi. Okùn rẹ̀ ni a ó gé, kí ó máa lọ.

Èyí tí ó bá ní ẹyin nínú, n ó dá a padà, ọ̀rẹ́ mi ì báà bínú. A kò ní kó ju èyí tí yóò se ìkòkò kan lọ, a ó sì yọ méjì fún bàbá onígèrè kí a tó kúrò. Mo ti sọ fún un pé kí ó bá wa kó àwọn orúkọ ẹja tí ó mọ̀ jọ, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pe ẹja kan ní Òǹdó lè yàtọ̀ sí ti Àkúrẹ́, ti Ìlàjẹ a sì tún yàtọ̀. Èmi yóò mú ìwé dání.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni a ó kúrò ní Àkúrẹ́. Aago mẹ́sàn-án sí méjìlá ni a ó pẹja, nítorí pé wákàtí mẹ́ta ti tó fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́. A ó jẹun lábẹ́ igi, a ó fọ ẹja, a ó wọ ọkọ̀ Òǹdó kí aago méjì tó lù. Bí a kò bá rí ẹja kankan pa, ọjà wà lójú ọ̀nà. Ohun tí yóò sọ fún àbúrò ìyá rẹ̀ nípa ẹni tí ó pa á, ọ̀rọ̀ òun àti ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ nìyẹn.